Ta ló ti fi ẹmu po búrẹ́dì rí? Ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Ìbàdàn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbà tí yíìsì wọ́n gógó, tí èrè mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sídìí rẹ̀, ìyá mi ló rán mi létí pé ẹmu ni àwọn ìyá tiwọn fi ń po búrẹ́dì kí yíìsì inú páálí tó dé abúlé.

Mo wá akọ̀pẹ kan rí. Torí pé mo fẹ́ ìmọ́tótó, mo ra kẹ́ẹ̀gì tuntun fún un, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo tún fi omi gbígbóná ṣàn án. Ẹmu tó gbé wá láàárọ̀ dùn bí oyin, àmọ́ kò hó rárá. Mo fi po ìyẹ̀fun. Títí di ọ̀sán, ìyẹ̀fun náà jókòó bí ẹ̀kọ tútù. Omijé bọ́ lójú mi.

Bàbá akọ̀pẹ ló là mí lóye. Wọ́n ní, "Ìyá oníbúrẹ́dì, èmi kì í fi ọṣẹ fọ agbè. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tó kù nídìí rẹ̀ ló ń jí ẹmu òní." Òótọ́ ni. Ohun ẹlẹ́mìí ni ìwúkàrà, ìyẹn yíìsì. Èyí tó wà nídìí agbè ló ń jẹ ṣúgà inú omi ọ̀pẹ tuntun, tó sì ń bí sí i. Èmi ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dànù.

Látìgbà náà, inú agbè wọn ni mo ní kí wọ́n máa dá a sí. Màá jẹ́ kí ẹmu àárọ̀ sinmi di ọ̀sán, màá rọra da ti òkè sọ́tọ̀, màá bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun ìsàlẹ̀, màá wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ṣúgà díẹ̀ àti ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun kan bọ́ ọ. Bó bá ti hó dé ẹnu abọ́, ó tó pò nìyẹn. Ẹ má fi omi tó ń jóni lọ́wọ́ ṣe é o, yóò kú. Yíìsì inú páálí ń gbé búrẹ́dì sókè láàárín wákàtí kan sí méjì. Tèmi ń gbà tó wákàtí mẹ́fà. Alẹ́ ni mo ń pò ó, ìdájí ni mo ń yan án, òórùn rẹ̀ sì ń fa èèyàn láti títì.

Ẹ má lo ẹmu ọjọ́ kejì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, búrẹ́dì kan débi pé ẹlẹ́dẹ̀ aládùúgbò ni mo kó gbogbo rẹ̀ fún.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Piracicaba:

Mà, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ agbè yẹn mú mi rántí ohun tí mo rí níbí, ní Ìpínlẹ̀ São Paulo, ní Brazil. Ìrèké ni tiwọn. Wọ́n á gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gé e, ìdí rẹ̀ á tún hù, wọ́n lè gé e bí ẹ̀ẹ̀márùn-ún kí wọ́n tó hú u. Omi rẹ̀, àti omi dúdú tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ṣúgà, ni wọ́n fi ń bọ́ ìwúkàrà láti ṣe ọtí tí mọ́tò ń lò bí epo. Mo ṣiṣẹ́ nírú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà ìkórè kan. Bí ó bá ti hó tán, ẹ̀rọ á ya ìwúkàrà sọ́tọ̀, wọ́n á fi omi tó ní ásíìdì díẹ̀ wẹ̀ ẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ nǹkan di kíkan lè kú, wọ́n á dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni títí ìkórè á fi parí. Èyí tó bá pọ̀ jù, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ẹran ọ̀sìn.

Èyí tó jọ mí lójú jù ni pé tẹ́lẹ̀, yíìsì búrẹ́dì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìkórè, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwúkàrà ìgbẹ́ tó bá ìrèké wọlé á ti gba ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá ṣa àwọn tó lágbára nínú wọn. Ibẹ̀ ni irú ìwúkàrà tí wọ́n ń pè ní PE-2 àti CAT-1, tó gbòde báyìí, ti wá. Mà, ẹ má fojú kékeré wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bàbá yẹn.

Ọmọ Akọ̀pẹ, Oǹdó:

Kí ẹ tó ra ẹmu, ẹ bèèrè bóyá tọ̀pẹ ni tàbí ògùrọ̀. Méjèèjì ló ń wú búrẹ́dì, mo ti dán wọn wò. Àmọ́ igi ògùrọ̀ kì í so ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé rẹ̀; bí a bá dá a tán, ó kú nìyẹn. Ọ̀pẹ tí a dá lórí ìdúró ń padà fúnni lọ́dọọdún. Bàbá mi ṣì ń gun èyí tí bàbá tiwọn gùn. Ẹni tó bá ń gé ọ̀pẹ lulẹ̀ kó tó dá ẹmu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Ìbàdàn:

Tọ̀pẹ ni tèmi, ọmọ mi, lórí ìdúró sì ni. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí mo ń bọ́ nínú ìgò pé ọjọ́ kọkàndínlógún lónìí, ó ṣì ń hó, àmọ́ ó ti fẹ́ máa kan díẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá, ṣé omi ọsàn wẹ́wẹ́ lè ṣe iṣẹ́ ásíìdì tí o sọ yẹn?