Ara mi máa ń gbóná bí mo bá ń sáré lójú títì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìlọrin ni mò ń gbé, Òmù-Àrán ni iṣẹ́ mi wà, ọkọ̀ ara mi ni mo sì ń wà lọ wà bọ̀. Bí mo bá ti kọjá Ìdòfìàn báyìí, màá yí fújì sókè títí ìlù á fi máa gbọ̀n mí láyà, màá wá tẹ iná. Àyà mi á máa lù kìkì, irun ara mi á dìde, àtẹ́lẹwọ́ mi á làágùn. Kì í ṣe ẹ̀rù, ó máa ń dùn mọ́ mi ni. Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè ni pé bí mo bá délé, ìjà ni. Kí ọmọ ṣèèṣì da omi sílẹ̀, màá ti jágbe mọ́ ọn. Ìyàwó mi ní bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ lòun ti ń mọ irú ọkọ tó ń bọ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ṣé àìsàn ni?

Ìyá Ràfíà: Ẹ lọ bẹ ìyàwó yín àti ọmọ yẹn ná.

Ọmọ Ìpó: Ẹ ta ọkọ̀ yẹn.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà: Bọ̀dá mi, kì í ṣe àìsàn. Bí ara bá fura sí ewu, ohun kékeré tó wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan á da èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrẹ́nálíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ó wà lára ohun tó ń mú àyà lù, tó ń mú ọwọ́ làágùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àyà ṣe ń lù nígbà ayọ̀, nígbà ẹ̀rù àti nígbà ìbínú; àwa la ń sọ ọ́ lórúkọ, a sì lè ṣì í pè. Ní 1974, àwọn onímọ̀ méjì tó ń ṣèwádìí nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, Donald Dutton àti Arthur Aron, ní kí obìnrin kan dúró de àwọn ọkùnrin nídìí afárá kan ní Kánádà, afárá gíga tó ń mì lẹ́gbẹlẹ́gbẹ. Ó fún wọn ní nọ́ńbà fóònù. Àwọn tó gba orí afárá yẹn pè é ju àwọn tó gba èyí tó dúró gbọin lọ. Àyà tó ń já, wọ́n gbà á sí ìfẹ́. Ẹ̀yin gbé tiyín délé, ó di ìbínú. Bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ ti kú, kì í tètè kúrò lára.

Bàbá Dírẹ́bà, Gáréèjì Ọ̀fà: Ọmọ mi, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí sítíárìn. Ojú máa ń tan èèyàn. Bí o bá ti sá eré 120 fún ìgbà díẹ̀, tí o wá wọ Àjàṣẹ́, 70 á dà bíi pé ò ń fẹsẹ̀ rìn, bẹ́ẹ̀ 50 ni òfin nínú ìlú. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń sáré kọjá títì! Bí eré bá di ìlọ́po méjì, búréèkì nílò ilẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin. Má pa orin, dín in kù. Tí o bá ń bọ̀, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní Gánmọ̀, pa ọkọ̀, kí o máa mí díẹ̀díẹ̀ títí àyà á fi rọ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo yà ní Gánmọ̀ lánàá, mo jókòó bí ogún ìṣẹ́jú, mo ra wàrà fún àwọn ọmọ. Ìgbà tí mo jókòó ni mo tó rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi bi mí bóyá ọkọ̀ bà jẹ́ lọ́nà ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.