Ohùn ta ni kí n fi sọ bí Ravana ṣe jí Sita gbé?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ gbà mí. Mò ń kọ ìtàn àròsọ nípa Ravana, ọba Lanka olórí mẹ́wàá inú Ramayana, ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ India, láti ẹnu òun fúnra rẹ̀. Bó ṣe gba Lanka lọ́wọ́ Kubera, ọmọ bàbá rẹ̀, kò fún mi ní wàhálà. Ibi tó ti jí Sita, ìyàwó ọmọ ọba Rama, gbé ni mo há sí. Mo kọ́kọ́ fi imú Shurpanakha, àbúrò rẹ̀, tí Lakshmana, àbúrò Rama, gé ṣáájú. Ó wá dà bí àwáwí. Mo gbé e fún Mandodari ìyàwó rẹ̀ sọ, ohùn Ravana bá kú pátápátá. N kò fẹ́ dá a láre rárá: Sita ń sunkún lójú òfuurufú, ó ń ju ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fáwọn ọ̀bọ orí òkè. Ṣé kí n jẹ́ kí Ravana sọ ọ́, kó máa purọ́ fún wa, àbí kí n fún Sita ní orí ìwé kan yẹn?