Àlejò tó gbé ilé rẹ̀ wá: ìrìn-àjò wa lọ sí aṣálẹ̀ Arizona

Ìyá Àgbà Houston:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń ka ìrírí ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹnu sì ti ń yún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi àti ti bàbá àwọn ọmọ mi.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe, ọkọ mi jẹ́ oníṣirò owó. Nígbà tí òun náà fẹ̀yìn tì, ohun tó kọ́kọ́ náwó lé lórí ni tírélà. Ẹ má gbọ́ tírélà kí ẹ rò pé èyí tó ń kó sìmẹ́ǹtì ni o. Ilé kékeré orí táyà ni, tí píkọ́ọ̀pù ń fà. Ibùsùn, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àlòkù la rà, síbẹ̀ inú bí mi. Mo bi í pé kí la fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Màmá wọn, láàárín ọdún méjì, ìsìnkú ọ̀rẹ́ mẹ́ta la wọ bàálù lọ. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta la lọ kí nílé nígbà tó wà láàyè?" Mi ò rí ohun kankan sọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní Phoenix, ní Arizona, tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù. Ọ̀rẹ́ tèmi wà ní Tucson, ní Arizona kan náà, a jọ kọ́ iṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn. Ọdún mọ́kànlá ni a fi jẹ́ pé orí fóònù nìkan la ti ń ríra. Àwọn kan lè ní ṣebí bàálù wà. Ó wà, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ìtọ̀ ṣúgà, oúnjẹ rẹ̀ yàtọ̀, èmi náà sì ní orúnkún tí wọ́n ti pààrọ̀. Ilé aláìsàn ni a sì ń lọ. Àlejò á ní òun wá kí ènìyàn, ìyàwó onílé tí kò tíì sùn láti àná ni yóò dìde lọ dáná fún un. Èyí ni mo wò tí mo fi gbà pé kí a gbé ilé wa dání.

Oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2023 la gbéra, ojú ọ̀nà màrosẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-10 tààrà. Láti Houston dé El Paso lé ní 700 máìlì, Texas náà lẹ ṣì wà! Lápá ìwọ̀ oòrùn ibẹ̀, òfin gba 80 máìlì láàárín wákàtí kan. Àwa ò kọjá 60. Ìyára pẹ̀lú ilé lẹ́yìn ọkọ̀, ikú ni.

Bí a ṣe ń sún mọ́ Van Horn, a gbọ́ gbàù! Táyà kan lára ilé náà ti bẹ́. Ọkọ mi rọra gbé e sí ẹ̀gbẹ́ títì, ara mi ń gbọ̀n. Ọkùnrin kan àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń sọ èdè Spanish dúró, wọ́n gbé jáàkì tiwọn jáde, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Ọkùnrin náà ló fi ohun tí a ò mọ̀ hàn wá. Ojú táyà náà ṣì dára, kò jẹ rárá, ṣùgbọ́n ó ti gbó. Òòrùn ló ń pa táyà irú ilé yìí nítorí pé ó máa ń pẹ́ lójú kan. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára táyà. Nínú nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì kejì ni ọdún. Tiwa jẹ́ 1915: ọ̀sẹ̀ kọkàndínlógún ọdún 2015. Ẹni tó tà á fún wa fi nǹkan kùn ún, ó ń dán bíi tuntun. Mo ń bẹ̀ yín, ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù, kó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ka nọ́ńbà yẹn kó tó wo ibùsùn.

A yà ní White Sands, ní New Mexico. Iyanrìn ibẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe P.O.P. òkè àjà wa náà ló lọ̀ kúnná bẹ́ẹ̀, kì í sì í gbóná sí àtẹ́lẹsẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún mi yìí. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ yẹn gbẹ bí ọyẹ́. Ètè wa là, ìpara òyìnbó ò ràn án, àfi òrí tí mo mú dání. Ẹ tún mú ìwé yín dání o, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè máa ń dá mọ́tò dúró lágbègbè Las Cruces. Ẹni tó ní green card, òfin ní kó máa wà lára rẹ̀. Àwọn tó dá wa dúró bi wá ní ìbéèrè kan péré, wọ́n ní ká máa lọ.

Ní Tucson ni ìjà ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti se àmàlà àti gbẹ̀gìrì, ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tuntun sí yàrá àlejò. Bó ṣe rí i tí ọkọ mi ń na wáyà iná sínú ilé wa ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. "Ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni? Kí ayé gbọ́ pé ẹ wá láti Houston, mo ní yàrá mẹ́rin, ẹ wá sùn síta?" Ó jàre. Níbi tí wọ́n ti tọ́ gbogbo wa, ìwọ̀sí ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé ẹsẹ̀ mi, kò gbọ́. A sùn nínú ilé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kìíní, inú rẹ̀ dùn. Ọjọ́ kejì ló tó gbà kí a lọ sí tiwa.

Lóru ọjọ́ kẹta, òtútù mú tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi dì nínú ọ́ọ̀sì. Bí aago méjì ṣe ń lù, a gbọ́ kò, kò, kò. Ọ̀rẹ́ mi ni, ó wé bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra. Opó ni. Ó ní òun kì í sábà rí oorun sùn. Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀, ó mú fìlà àti gíláàsì ojú rẹ̀, ó lọ sùn sí yàrá àlejò tí wọ́n tẹ́ fún wa. Àwa méjèèjì dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kékeré náà bí ìgbà tí a wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ilẹ̀ sì mọ́ bá wa lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò sọ lórí fóònù láti ọdún mọ́kànlá, ó sọ ọ́ lóru yẹn.

Ó mú wa lọ wo àwọn ọrọ́ ńláńlá tí wọ́n ń pè ní saguaro. Aṣálẹ̀ Sonora yẹn nìkan ni wọ́n ti ń hù fúnra wọn. Ó lè tó àádọ́ta sí ọdún márùndínlọ́gọ́rin kí apá àkọ́kọ́ tó yọ lára rẹ̀, òmíràn sì máa ń gbé ju 150 ọdún lọ. Ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ sí mi léjìká, ó ní, "A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ apá ni."

Nígbà tí a dé Phoenix, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ọ̀rẹ́ ọkọ mi ò gbà kí irú ilé wa sùn lójú pópó. A gba àyè ní ibùdó kan tí kò jìnnà, a lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àárọ̀ la ń dé ọ̀dọ̀ wọn, ìrọ̀lẹ́ la ń padà. Mo ń se oúnjẹ wá láti ilé wa, ìyàwó rẹ̀ sì ń sùn lọ́sàn-án, àní ó ń hanrun. Ìyẹn gan-an ni mo torí rẹ̀ wá.

Ọwọ́ ọ̀tún ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni àìsàn náà mú jù, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò sì já gaara. Wọ́n ní kó máa fi ọwọ́ náà ṣe eré ìdárayá, ó kọ̀. Ọkọ mi gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀, ó pín ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta sínú ihò méjìlá, mẹ́rin-mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ na ọwọ́ òsì. Ọkọ mi bo ọpọ́n: "Rárá. Ọ̀tún la fi ń ta á." Wákàtí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lórí ọpọ́n kan ṣoṣo lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ayò ń bọ́ sílẹ̀, èmi ń ṣà á. Lọ́jọ́ kẹfà, ó jẹ ọkọ mi. Ó gbójú sókè, ó la ẹnu, ó sì pè é ní "Ọ̀PẸ́!" Gbogbo ilé gbọ́ ọ ketekete. Ìyàwó rẹ̀ sáré jáde nínú yàrá, ó rò pé ẹlòmíì ló wọlé.

Kí a tó darí sílé, a lọ dé Quartzsite, ìlú kékeré kan ní Arizona, níbi tí àwọn onílé orí táyà máa ń pọ̀ sí bí eéṣú nígbà òtútù. Ibojì kan wà níbẹ̀, wọ́n fi òkúta mọ ọ́n ṣóńṣó, ère ràkúnmí wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní ará Síríà ni olóògbé náà, ó bá ràkúnmí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà dé ní 1856, ó kú ní 1902. Hadji Ali lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ará ibẹ̀ ò gbé e, wọ́n sọ ọ́ di Hi Jolly. Mùsùlùmí ni ọkọ mi. Ó dúró síbẹ̀, ó ka Fátíhà fún un, ó ní, "Àláàjì, ẹ kú àjò."

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn:

Màmá, ẹ kú ìrìn, ẹ kú orí ire. Tírélà gidi lèmi ń wà lójú ọ̀nà I-10 yẹn, mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un, pàápàá fún ẹni tó bá ń padà bọ̀ nígbà ìrúwé. Ní ìtòsí Lordsburg, ní New Mexico, pẹ̀tẹ́lẹ̀ adágún gbígbẹ kan wà. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé eruku rẹ̀, ẹ ò ní rí imú mọ́tò yín. Ó ká mi mọ́ ibẹ̀ lọ́dún kan. Ọgbọ́n ilé ni mo kọ́kọ́ lò, mo fẹ́ tan gbogbo iná kí wọ́n lè rí mi. Ọ̀gá mi ló pariwo sínú fóònù pé kí n pa á. Bí ẹ bá ti kúrò lójú títì pátápátá, ẹ pa gbogbo iná, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì ẹsẹ̀ kí iná pupa ẹ̀yìn má baà tàn. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ríran. Bó bá rí iná yín, á rò pé ojú títì lẹ wà, á sì tẹ̀ lé e wá kọ lù yín. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo jókòó nínú òkùnkùn ọ̀sán gangan, mo ń ka Sáàmù. Nígbà tí ó là, mọ́tò méjì ti fọ́ níwájú mi.

Ìyá Àgbà Houston:

Ọmọ mi, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Mo ti ka èyí sókè fún ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ ọ́ sínú ìwé tó wà nínú píkọ́ọ̀pù.

Ẹni tó bi mí ní ìkọ̀kọ̀ nípa ejò: nígbà òtútù, wọ́n sábà máa ń wà nínú ihò, a ò rí ìkankan. Ní ti owó, ẹni tó bá ti pé ọdún 62, tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí oní-green card, lè ra káàdì àgbà fún ọgbà ìjọba àpapọ̀. 80 dọ́là la ra tiwa, ti ayé wa ni, ó sì ń gé owó ibùdó sí ìdajì ní ọ̀pọ̀ ibi.

A tún ń lọ ní Ṣẹẹrẹ tó ń bọ̀. Táyà mẹ́rin tuntun ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó ọ̀rẹ́ wa ní Phoenix pè lánàá, ó ní láràárọ̀ ni ọkọ òun ń gbé ọpọ́n ayò sórí tábìlì, á sì bi òun bóyá wọ́n ti so ilé wọn mọ́ mọ́tò.