Ìrìn àjò Enterprise tí àwọn olólùfẹ́ fọwọ́ ara wọn parí: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Albany

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé àwa tí a fẹ́ràn Star Trek àtijọ́, eré tẹlifíṣọ̀n nípa Enterprise, ọkọ̀ tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀, pọ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ àwọn olólùfẹ́ eré náà, àwọn tó ń fi owó ara wọn àti ọwọ́ ara wọn ṣe é ní ọ̀tun, ni mo fẹ́ ká jọ sọ. Bí ẹ bá ti wo ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọn, tàbí tí ẹ ti bá wọn dá sí i rí, ẹ wá rò ó fún wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná.

Ọ̀rọ̀ tí Kirk, ọ̀gá ọkọ̀, máa ń sọ níbẹ̀rẹ̀ eré ni pé ìrìn àjò ọdún 5 ni wọ́n rán Enterprise. Sáà 3 péré ni iléeṣẹ́ NBC fi hàn wá. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1966, wọ́n sì dá a dúró ní 1969 lẹ́yìn apá 79, láìsí ìdágbére kankan. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé London ló máa ń fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò ránṣẹ́ sí wa nílé. Nígbà tí a wo èyí tó kẹ́yìn tán, kò sẹ́ni tí n kò bi pé ọdún 2 tó kù ńkọ́.

James Cawley ló wá dá mi lóhùn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ìhà àríwá ìpínlẹ̀ New York níbí ló ń gbé, iṣẹ́ tó sì fi ń jẹun ni kíkọrin bí Elvis Presley. Ó mọ William Ware Theiss, ọkùnrin tó ṣe aṣọ fún eré ìpilẹ̀ṣẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ti rí àwòrán tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Hollywood fi kan inú ọkọ̀ náà. Owó tí Cawley ń rí nídìí orin ló fi ń ra pákó tí yóò fi tún inú ọkọ̀ náà kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2004, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé apá àkọ́kọ́ New Voyages, eré Star Trek tiwọn, sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Kirk. Ohun tí wọ́n ń lé ni ọdún tí tẹlifíṣọ̀n gé kúrò.

Ilé tí wọ́n kan sí ìlú Ticonderoga níbi tí wọ́n ti ń ṣe eré náà ti di ibi tí gbogbo èèyàn lè wọ̀ báyìí. Láti 2016 ni CBS, iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀tọ́ eré náà nígbà yẹn, ti fún wọn ní àṣẹ láti máa gba àlejò. Mo kó àwọn ọmọ mi lọ nígbà ọlidé. Bí ẹ bá dúró níta, ilé ìtajà lásán lẹ máa pè é. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ó di ọ̀dẹ̀dẹ̀ Enterprise. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà tẹ̀, kò lọ tààrà. Bí wọ́n ṣe kan ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ náà nìyẹn, kí òṣèré lè máa rìn kí ojú má tètè rí òpin ògiri. A wọ yàrá ìṣègùn, a wọ yàrá ẹ́ńjìnnì, a dé ibi tí wọ́n ti máa ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé èèyàn lọ sórí pílánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ mi obìnrin béèrè ìdí tí ọkọ̀ náà kì í fi í balẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé Gene Roddenberry, ẹni tó dá eré náà sílẹ̀, kò lówó tí yóò fi máa fi ọkọ̀ balẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ronú kan ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ìyẹ̀fun alumíníọ̀mù tí wọ́n ń dà síwájú iná líle ló ń tàn yanranyanran bẹ́ẹ̀. Àwọn ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra wọn nínú eré, èèyàn ló wà lẹ́yìn tó ń fà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi lọ́kàn jù. Pákó tí mo fọwọ́ kàn níbẹ̀ kì í ṣe pákó ọdún 1966. Títún kan ni gbogbo rẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n, títí kan bọ́tìnnì tí kámẹ́rà kò ní rí láéláé. William Shatner, tó jẹ́ Kirk gan-an, ti wá síbẹ̀, ó sì ti jókòó sórí àga náà láàárín àwọn olólùfẹ́ rẹ̀.

Ó yá, ta ló kàn?

Aránṣọ, ìtòsí Atlanta

Ẹ ṣeun, bùrọ̀dá. Aṣọ rírán ni iṣẹ́ mi, nídìí aṣọ ni mo sì gbà wọlé. Ẹgbẹ́ kékeré kan níbí fẹ́ ṣe eré tiwọn nínú gáréèjì ọ̀kan lára wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn rán yunifọ́ọ̀mù. Àrán ni Theiss lò ní sáà àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ẹni tó bá ti gé àrán rí mọ̀ pé irun ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dojú kọ ọ̀nà kan náà lórí gbogbo ègé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá á ní àwọ̀ tirẹ̀, àyà á ní tirẹ̀. Àrán tiwọn tún máa ń sún kì bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́, títí tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ sí aṣọ mìíràn ní sáà kẹta.

Àwọ̀ ló mú wa jókòó pẹ́. Gbogbo wa mọ̀ pé aṣọ Kirk jẹ́ àwọ̀ wúrà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o! Àwọ̀ ewé ni aṣọ náà ní ti gidi. Iná àti fíìmù ìgbà yẹn ló sọ ọ́ di wúrà lójú wa. Bí ẹ bá rí Kirk nínú ẹ̀wù kejì rẹ̀, èyí tó máa ń ṣẹ́ pọ̀ níwájú, àwọ̀ ewé yẹn hàn gbangba lára rẹ̀, nítorí aṣọ ibẹ̀ yàtọ̀. Èwo wá ni ká rán, èyí tí Theiss rán ni, àbí èyí tí ojú wa rí? Àwọn kan fọwọ́ lé e pé ti Theiss ni òótọ́. Èmi sọ fún wọn pé kámẹ́rà òde òní kò ní sọ ewé di wúrà fún ẹnikẹ́ni, àti pé ohun tí ọmọdé rí nínú tẹlifíṣọ̀n ni a ń bá a mú padà wá. Mo gbé aṣọ oríṣiríṣi síwájú kámẹ́rà lábẹ́ iná kí n tó gé ọ̀kan.

Inú mi dùn jù nígbà tí mo rán aṣọ pupa Uhura fún ọmọbìnrin Yorùbá kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì níbí. Nichelle Nichols, aláwọ̀ dúdú tó ṣe Uhura, fẹ́ fi eré náà sílẹ̀ lẹ́yìn sáà àkọ́kọ́, Martin Luther King ló bẹ̀ ẹ́ kó dúró, nítorí ohun tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń rí nígbà tí wọ́n bá rí i lórí ìjókòó yẹn. Ọmọ náà mọ ìtàn yìí. Kò bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní ọjọ́ tó wá wọ̀ ọ́ wò, ṣùgbọ́n ó nà ró nínú rẹ̀.

Bùrọ̀dá, ẹ má bínú, Star Trek Continues ni mo fẹ́ràn ju ti Cawley lọ. Kingsland ni wọ́n ti ṣe é, ní ìsàlẹ̀ Georgia wa níbí. Vic Mignogna ló ṣe Kirk. Chris Doohan, ọmọ bíbí James Doohan, ló dúró nípò bàbá rẹ̀ bí Scotty. Ní apá àkọ́kọ́ wọn, ní 2013, Michael Forest padà wá ṣe Apollo tó ti ṣe ní 1967. Kódà iná tí wọ́n ń tàn sára ògiri, àlùkò níhìn-ín, ewé lọ́hùn-ún, bíi ti àtijọ́ ló rí. Apá 11 ni wọ́n ṣe. Èyí tó kẹ́yìn, ní oṣù kọkànlá 2017, gbé Enterprise padà sílé lẹ́yìn ọdún 5. Mo sunkún níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Peckham

Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n BBC nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni tèmi. Ọ̀rọ̀ wa níbí yàtọ̀ díẹ̀, nítorí apá tó lé ní 90 nínú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1963 sí 1969 ni kò sí mọ́. BBC pa wọ́n rẹ́ nígbà yẹn, wọ́n fẹ́ tún téèpù lò. Àwọn ọmọ tó ń fi ẹ̀rọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú pálọ̀ ìyá wọn ló jẹ́ kí ohùn gbogbo wọn ṣẹ́ kù.

Ní ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Central Lancashire ní Preston tún ọ̀kan ṣe látòkèdélẹ̀, "Mission to the Unknown". Ó jáde ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá, ọjọ́ gan-an tí ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ jáde ní 1965. Dúdú òun funfun ni, bí kámẹ́rà ṣe ń rìn, bí òṣèré ṣe ń sọ̀rọ̀, ti ìgbà náà ni. Nicholas Briggs fi ohùn sí àwọn Dalek, àwọn ọ̀tá inú eré náà. Bàbá mi wò ó pẹ̀lú mi. Kò gbà pé àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà yẹn ló ṣe é, àfi ìgbà tó rí orúkọ yunifásítì ní ìparí.

Bàbá Tóbi, Houston

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Mo wà lára àwọn tó dá owó fún Continues ní 2013. Ó lé ní 126,000 dọ́là tí wọ́n rí lẹ́ẹ̀kan náà, láti ọwọ́ àwọn èèyàn bíi tèmi.

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé pé òfin ti wà. Axanar, iṣẹ́ Alec Peters, kó owó jọ tó ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. CBS àti Paramount gbé e lọ sí kóòtù ní oṣù kejìlá 2015, wọ́n sì parí ẹjọ́ náà láàárín ara wọn ní oṣù kìíní 2017. Kó tó parí ni CBS àti Paramount ti gbé òfin jáde fún eré àwọn olólùfẹ́, ní oṣù kẹfà 2016: ìtàn kan kò gbọ́dọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 15, tàbí apá 2 tí àpapọ̀ wọn kò ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Owó tí wọ́n lè tọrọ kò gbọ́dọ̀ ju 50,000 dọ́là lọ. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lórí Star Trek gidi rí kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ mọ́.

Àwọn ló ni eré, mo gbà, owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yóò sì dẹ́rù ba ẹni tó ni nǹkan. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló dùn mí. Ẹ wo Walter Koenig tó ṣe Chekov, ẹ wo George Takei tó ṣe Sulu nínú eré ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹ wo Forest. Àgbà òṣèré ni wọ́n, wọ́n ti padà sí ẹnu iṣẹ́ tí wọ́n fi ìgbà èwe wọn ṣe. Mi ò rí ẹni tí ìyẹn pa lára.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Tóbi ń béèrè èwo la máa kọ́kọ́ wò. Ẹ bá wa mú ọ̀kan.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Albany

Ẹ wo "World Enough and Time", ti New Voyages, ọdún 2007. Marc Scott Zicree ló darí rẹ̀, wọ́n sì yàn án fún àmì ẹ̀yẹ Hugo, òun àti àwọn eré iléeṣẹ́ ńlá. George Takei ni Sulu níbẹ̀. Jàǹbá kan gbé Sulu lọ sí ibì kan, ó lo ọdún 30 níbẹ̀, ó bímọ obìnrin. Lójú àwọn tó wà nínú ọkọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kọjá. Ó wá padà bí àgbàlagbà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo apá 79 yẹn, wọn kò kọ ìtàn kan tó jẹ́ ti Sulu rí. Takei dúró dè é fún ogójì ọdún, ó sì hàn nínú bó ṣe ṣe é.

Ó gùn díẹ̀ ju wákàtí kan lọ. Mi ò ní sọ ìparí rẹ̀. Ẹ jọ wò ó, ẹ̀yin àti Tóbi, kí ẹ padà wá sọ fún wa.