Báwo ni a ṣe lè máa fọwọ́ dáadáa níbi tí omi ẹ̀rọ kò ti yọ?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìtọ́jú aláìsàn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Òṣogbo, níbi tí gbogbo wa ti ń fọwọ́ nínú garawa kan náà, tí a sì ń fi aṣọ kan ṣoṣo nuwọ́; lánàá, aṣọ náà ti tutù rinrin, etí rẹ̀ ti dúdú, síbẹ̀ ọwọ́ tí a fi aṣọ náà nù ni a fi di ojú ọgbẹ́ abiyamọ kan. Àyà mi já. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí á fi ọṣẹ àti omi fọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60. Ǹjẹ́ ike omi tí ó ní ẹnu ẹ̀rọ lè tó wa? Kí ni ohun tí kò wọ́n jù tí ẹ fi ń rọ́pò aṣọ ìnuwọ́?