“Nọ́ńbà àkọ́kọ́” kò bá 2,147,483,647 mu

Ẹ̀yin ará, àbá méjì ló wà nílẹ̀ fún orúkọ Yorùbá tí a ó fún irú nọ́ńbà tí 2,147,483,647 jẹ́, ìyẹn “prime number” ti Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí kìkì 1 àti òun fúnra rẹ̀ lè pín láìṣẹ́kù: “nọ́ńbà àkọ́kọ́” àti “nọ́ńbà aláìṣeépín”. N kò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

“Àkọ́kọ́” ń tọ́ka sí ipò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ ọ yóò nawọ́ sí 1, bẹ́ẹ̀ 1 gan-an ni kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí. “Aláìṣeépín” sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n 7 ṣeé pín fún ẹni méjì: mẹ́ta ààbọ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò mú. Pínpín tí kò ṣẹ́kù là ń wí. Nítorí náà, nọ́ńbà tó ń pín òmíràn láìṣẹ́kù ló yẹ ká kọ́kọ́ sọ lórúkọ. Àwọn kan ń kọ “okùnfà”. Ohun tó fa nǹkan ni okùnfà, kò kan ìṣirò rárá. “Apín” ni mo dábàá. Apín 6 ni 1, 2, 3 àti 6. Apín kan ṣoṣo ni 1 ní. Nọ́ńbà tí apín rẹ̀ jẹ́ méjì péré, ìyẹn 1 àti òun fúnra rẹ̀, ni kó máa jẹ́ “alápín-méjì”. Orúkọ náà ti lé 1 síta láìsí àlàyé mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bẹ̀rù pé wọ́n á kà á sí “onípìn-ín méjì”, kó wò ó láìsí àmì ohùn: “alapin” àti “onipin” kò jọra.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò lára nọ́ńbà wa. Ẹ mú 1, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nígbà 31, kí ẹ sì yọ 1 kúrò. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí 2 yóò ṣìnà lọ sí 4,294,967,295, tí 3 àti 5 jẹ́ apín rẹ̀. Pé 31 jẹ́ alápín-méjì kò sì tó ẹ̀rí. 11 náà jẹ́ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ bí a bá ṣe é nígbà 11, 2,047 la ó rí, 23 lọ́nà 89 sì ni.

Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, ló fi hàn ní 1772 pé 2,147,483,647 jẹ́ alápín-méjì, kò sì nílò láti yẹ gbogbo nọ́ńbà wò. Apín rẹ̀ èyíkéyìí gbọ́dọ̀ ṣẹ́ 1 kù bí a bá fi 62 pín in. Bí a bá fi 8 pín in, 1 tàbí 7 ni yóò kù. Ẹ pa òfin méjèèjì pọ̀: kìkì èyí tó bá ṣẹ́ 1 tàbí 63 kù bí a bá fi 248 pín in ló yẹ ní dídánwò. 311 ni alápín-méjì tó kéré jù nínú wọn. Ẹ dúró ní 46,340, nítorí 46,341 lọ́nà ara rẹ̀ ti kọjá nọ́ńbà wa: nínú apín méjì tí ọ̀kan lọ́nà èkejì bá jẹ́ nọ́ńbà wa, èyí tó kéré kò lè ju 46,340 lọ.

Ní ti pípè, ọ̀kẹ́ gbà á dáadáa: ọ̀kẹ́ 107,374, pẹ̀lú egbèjìdínlógún ó lé mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìṣirò, “ìlọ́po méjì nígbà 31, ó dín kan” ni kí a máa kọ. “Dín” tí a fi ń ka mọ́kàndínlógún náà ni, láti ara “ó dín kan” yẹn sì ni òfin 62 ti wá.