Ficus mi kún lókè, ó ṣófo nísàlẹ̀: ibo ni kí n ti gé e?

Olùbéèrè
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi wo bonsai mi yìí, igi tí à ń tọ́ ní kékeré nínú ìkòkò. Ficus ni, ọmọ ìyá igi ọdán. Ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45, ìdí rẹ̀ nípọn tó 5. Gbòǹgbò rẹ̀ fọ́n ká dáadáa. Àmọ́ ní agbede méjì, ẹ̀ka mẹ́rin ló ti ojú kan ṣoṣo yọ, ibẹ̀ sì ti ń wú. Nísàlẹ̀, ẹ̀ka kan péré ló wà. Ṣé kí n máa rẹ́ ewé rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ ni, àbí kí n gé orí rẹ̀?

Olóko Inú Ìkòkò
Ewé rírẹ́ kò lè tún èyí ṣe. Gíga rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pinnu. Ọ̀pọ̀ wa máa ń fi ìbú ìdí igi lọ́nà 6 díwọ̀n rẹ̀. Tiyín á jẹ́ nǹkan bí 30. Ẹ̀ka àkọ́kọ́ a máa wà ní ìdá kan nínú mẹ́ta gíga yẹn, ìyẹn 10. Ṣé ibẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ka ìsàlẹ̀ yẹn wà?

Olùbéèrè
Ibẹ̀ gan-an ni o! Ṣùgbọ́n kò nípọn ju ọwọ̀ ìgbálẹ̀ lọ.

Olóko Inú Ìkòkò
Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kó máa gùn bó ṣe wù ú; bó bá ṣe ń gùn ni yóò máa sanra. Ní ti ẹ̀ka mẹ́rin yẹn, ẹ gé ìtì igi lókè wọn tààrà. Ẹ fi wáyà gbé ọ̀kan dìde kó di orí tuntun. Ẹ fi èyí tó wà níbi tí ìtì ti tẹ̀ yọ síta sílẹ̀, kí ẹ mú méjì yòókù kúrò. Orí tuntun á tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìtì lọ, bí a sì ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ fi aṣọ bo àwọn ibi tí ẹ fẹ́ gé kúrò, kí ẹ dúró níwájú igi náà wò ó. Èmi a máa fi aṣọ yẹn sílẹ̀ mọ́jú.

Ìyá Eléwé
Ṣé ẹ fẹ́ pa igi onígi ni? Gbogbo ìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Olóko Inú Ìkòkò
Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá wa. Bó bá jẹ́ pine ni, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka pine tí a bá gé dé ibi tí kò séwé, ó kú nìyẹn. Ficus a máa rú láti ara igi àtijọ́, bó bá ṣáà ti lókun, tí oòrùn sì ń tó o. Ohun tí mi ò ní ṣe ni kí n gé e, kí n tún pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀ lásìkò kan náà.

Ìyá Eléwé
Ó dáa. Ẹ ṣọ́ra fún oje funfun rẹ̀ o: ó máa ń yún àwọn mìíràn lára, kò sì dáa kí ajá tàbí ológbò lá a. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Wáyà àlùmíníọ́mù tó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ka náà ni kí ẹ lò. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, torí ficus tètè ń sanra, wáyà á sì jẹ wọnú èèpo. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ gé e ní wẹ́wẹ́. Ẹ má tú u, ẹ̀ka lè dá.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Ojú ọgbẹ́ ńlá tó máa wà lókè yẹn ńkọ́?

Olóko Inú Ìkòkò
Ẹ gé e ní dídagẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn igi, kí ẹni tó wà níwájú má rí i. Bí oje bá ti dá, ẹ fi àtè tí wọ́n ń tà fún bonsai dí i.